Ṣé kí ọmọ mi lọ kọ́ iṣẹ́ igbó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré?

Bàbá kan láti Ìṣẹ́yìn ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kọ́ nípa igbó, igi àti ẹranko, àti bí a ṣe lè máa jẹ nínú wọn láìpa wọ́n run. Máàkì JAMB rẹ̀ kò tó èyí tí Yunifásítì Ìbàdàn ń gbà, àmọ́ Federal College of Forestry tó wà ní Jericho, n'Ìbàdàn kan náà, ti fún un láyè láti wá ṣe OND ọlọ́dún méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà ní kí ọmọ jókòó sílé kó tún JAMB ṣe, pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní igi gbíngbìn kò yẹ ọmọ tó mọ̀wé. Ẹ̀rù igbó ló ń ba ìyá ọmọ ní tirẹ̀. Bàbá wá bi mí pé: ṣé kó lọ? Tó bá sì lọ, kí ni yóò dà?

Bàbá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Mi ò ní fì sọ́tùn-ún fì sósì: ẹ jẹ́ kó lọ. Àmọ́ kó mọ ohun tó ń lọ gbà níbẹ̀, kó sì gbà á tán. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ní ohun kan tí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kì í sábà fún ọmọ ọdún kìíní, òun ni pé ọwọ́ ọmọ máa ń tètè kan igi. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan igi ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ìwé ló kà, kò tíì kọ́ iṣẹ́.

Òótọ́ ni pé ibẹ̀ kékeré. Àmọ́ kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ àná. Wọ́n ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ igbó níbẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 1963 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ FRIN ló wà, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa igbó fún gbogbo Nàìjíríà, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1954. Orí òkè Jericho kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wà. FRIN yìí ló ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Jos àti èyí tó wà ní Afaka, ní Kàdúná, òun náà ló sì ni ti New Bussa, lẹ́bàá adágún Kainji, tó jẹ́ pé ẹranko igbó ni ẹ̀kọ́ wọn dá lé. Nítorí náà, tí ọmọ yín bá wọ Jericho, kì í ṣe kíláàsì nìkan ló wọ̀. Ó wọ àdúgbò tí àwọn olùwádìí ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì lẹ́nu láti béèrè yóò rí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ilé kan wà lórí òkè yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ní kó mọ ọ̀nà rẹ̀ kí sáà àkọ́kọ́ tó parí: ibi tí wọ́n ń kó ewé àti ẹ̀ka gbígbẹ pamọ́ sí, tí gbogbo àgbáyé mọ̀ sí FHI. Ohun tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Orí páálí ni wọ́n lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, tòun ti orúkọ igi náà, ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a àti ẹni tó já a. Tí ọmọ bá já ẹ̀ka kan nínú igbó tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi í wé ti àtijọ́. Àwọn igi kan wà tó jẹ́ pé ewé gbígbẹ yẹn nìkan ló ń jẹ́rìí pé wọ́n ti hù rí níbi tí ilé àti títì wà lónìí.

Ní ti pé igi gbíngbìn lásán ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ìrókò ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni gbogbo èèyàn ń sọ pé kí ìjọba gbìn.

Èso ìrókò kì í ṣòroó hù. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ lóru, tó ń gbé e kiri, tó ń yà á síbòmíràn. Akọ igi wà, abo igi wà. Tí onígẹdú bá gé gbogbo akọ tó wà nítòsí, abo tó kù kò ní so èso tó wúlò mọ́, bó ti wù kó tóbi tó. Ká sọ pé a rí èso gidi, a sì fọ́n ọn sí nọ́sìrì. Yóò hù, yóò sì dàgbà dé oríkèé ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni kòkòrò kékeré kan, tí kò ju kantíkantí lọ, á wá yé ẹyin sára ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ọmọ kòkòrò náà á wọnú ewé, ewé á wú, á di kókó aláwọ̀ ewé, òmíràn tó hóró ẹ̀wà, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi èékánná là á, ẹ ó rí wọn nínú ihò rẹ̀, wọ́n rọra jókòó. Nígbà tó bá yá, kókó náà á là fúnra rẹ̀, wọ́n á fò lọ, ojú ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ṣóńṣó orí igi á kú. Ìrókò á tún rúwé, wọ́n á tún padà wá. Bí ọmọ igi á ṣe máa yí lójú kan náà nìyẹn lọ́dún dé ọdún tí kò fi ní ga.

Ìdí nìyẹn tí oko ìrókò tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà sínú oòrùn gbangba ṣe máa ń forí ṣánpọ́n. Ohun táwọn olùwádìí ti ń gbìyànjú ni pé kí wọ́n gbìn ín sábẹ́ òjìji àwọn igi mìíràn, kó má ṣe dá wà, kí wọ́n sì máa ṣa èso lára igi tí kòkòrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ lẹ́nu. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ka kókó lára ewé ìrókò ní nọ́sìrì, tó bá wá gbọ́ tí òṣèlú kan ń ṣèlérí pé òun máa gbin ìrókò káàkiri ìpínlẹ̀, ìbéèrè tó máa bi í á yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Ìmọ̀ tí mò ń wí nìyẹn. Ẹ ò lè rí i kọ́ ní kíláàsì tí ọmọ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ti ń tiraka láti rí pátákó.

Wọn yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn igi pẹ̀lú. Téèpù ni wọ́n ń ká mọ́ ọn, níbi tó fi mítà 1.3 ga sílẹ̀, ìyẹn bí ọ̀gangan àyà àgbàlagbà. Ó rọrùn títí ẹ ó fi dé ìdí àràbà tàbí arère, tí gbòǹgbò ti nà sókè yí ìdí igi ká. Tí ẹ bá ká téèpù mọ́ gbòǹgbò wọ̀nyẹn, ẹ ó ka pákó tí kò sí nínú igi mọ́ ọn. Ńṣe ni wọ́n máa ń gòkè kọjá ibi tí gbòǹgbò náà parí sí kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ṣi igi ogún wọ̀n báyìí á kọ ìròyìn pé igbó náà lówó lórí ju bó ṣe yẹ lọ, ìjọba á sì fi ìròyìn yẹn fọwọ́ sí ìwé gígé igi.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn mọ iná igbó ju ẹni tó ń gbé Ìbàdàn lọ, torí náà mo fẹ́ sọ ti Olókèméjì fún yín. Igbó ìjọba ni, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ó sì wà lára àwọn tí ìjọba Òyìnbó kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, láti 1899. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ ọ̀dàn kan níbẹ̀ sí abala-abala. Abala kan, wọn kò jẹ́ kí iná débẹ̀ rárá. Òmíràn, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko. Ẹ̀kẹta, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ fúrúfúrú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, ibi tí iná kò dé ti ń di igbó: igi ti pọ̀, òjìji ti bo ilẹ̀, koríko ti ń kú lọ. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko ló gbà á, ìwọ̀nba igi tó lè fara da iná ló kù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wà láàrin méjì, igi rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ dáadáa. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló gbóná jù, torí ohun tó ń jó ti gbẹ dé ìdí, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ igi ń yọ ewé tuntun.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ilé yín ni pé ọmọ tó bá lóye rẹ̀ lè bá àgbẹ̀ àti darandaran Ìṣẹ́yìn jókòó, kó má sọ fún wọn pé kí wọ́n má dáná, nítorí wọn kò ní gbọ́. Yóò bá wọn sọ̀rọ̀ nípa oṣù tí wọ́n ń dá a. Èmi rò pé òṣìṣẹ́ kan tó lè bá àwọn ará abúlé sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kí wọ́n sì gbà á gbọ́, sàn ju ọkọ̀ mẹ́wàá tó kún fún ẹ̀ṣọ́ lọ. Òkè-Ògùn kò ní irú wọn tó.

Mi ò ní tan yín pé igi àti ewé nìkan ni iṣẹ́ náà. Èèyàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó lé ní 130,000 hẹ́kítà, erin ṣì ń rìn di òní. Apá kan níbẹ̀ ti wà láti 1946 tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀ rárá, UNESCO sì kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé tirẹ̀ ní 1977. Síbẹ̀, oko kòkó wà nínú rẹ̀, onígẹdú wà nínú rẹ̀, ọdẹ wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́. Nínú igbó Gàm̀bàrí lẹ́bàá Ìbàdàn, ọgbọ́n tí wọ́n ta láyé àtijọ́ ni pé kí àgbẹ̀ gbin iṣu àti àgbàdo sáàrin ọmọ igi tíìkì àti mẹ̀línà, kó máa roko fún méjèèjì títí igi á fi ga ju oko lọ. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa àdéhùn mọ́. Níbi tí wọn kò ti pa á mọ́, oko ló borí.

Gẹdú tí wọ́n bá gé nínú igbó ìjọba, hámà tó ní àmì ni òṣìṣẹ́ igbó fi ń gbá a lójú kó tó lè wọ ọkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi hámà yẹn lé ọmọ yín lọ́wọ́, ẹnì kan á mú àpò owó wá kí hámà lè kan igi tí kò yẹ kó kàn. Kò sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn, ilé yín ni yóò ti gbé e lọ. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, torí mo ti rí igbó tó tán láìsí pé iná kàn án.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí, èyí tí mo mọ̀ pé òun gan-an ló wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ igbó ní yunifásítì. Tí ọmọ bá jókòó sílé fún ọdún kan, tí JAMB sì jẹ́ ẹ, ọdún mẹ́fà nìyẹn. Tó bá ṣe OND fún ọdún méjì, tó sì fi èsì tó dáa wọ yunifásítì nípasẹ̀ Direct Entry sí ọdún kejì, mẹ́rin ló kù, mẹ́fà náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwé-ẹ̀rí méjì ló máa ní lọ́nà kejì, yóò sì ti mọ nọ́sìrì àti igbó kó tó dé yunifásítì. Tí JAMB kò bá wá jẹ ẹ́ ní ọdún tó jókòó ńkọ́?

Ohun tó ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni èsì tí kò dára. Upper credit ni kó máa lé láti ọjọ́ kìíní, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò nìyẹn. Kó sì yẹ ìwé JAMB fún Direct Entry wò dáadáa: Ìbàdàn, FUNAAB ní Abẹ́òkúta àti FUTA ní Àkúrẹ́ ló ní ẹ̀ka igbó ní ìtòsí, àmọ́ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè kò dọ́gba. Irú iṣẹ́ ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ di oṣù tó kẹ́yìn.

Tó bá fẹ́ dúró ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀nà kejì ni pé kó fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lẹ́yìn OND, kó padà wá ṣe HND ọdún méjì, kó sì lọ sin ìjọba gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ọ̀nà gidi ni. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ìpele 14 ni ẹni tó ní HND nìkan ti máa ń dúró látijọ́, nígbà tí ẹni tó ní digirì lè dé 17. Wọ́n ti ń bá ìyàsọ́tọ̀ yìí jà fún ọdún púpọ̀. Mo kórìíra rẹ̀, torí àwọn tí mo mọ̀ tó mọ igbó jù lọ, HND ni wọ́n ní. Síbẹ̀ mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bí ẹni pé kò sí.

Ní ti iṣẹ́, ẹ má ṣe retí pé ìjọba á gbà á ní kété tó bá jáde. Ìpínlẹ̀ kì í gba òṣìṣẹ́ igbó lọ́dọọdún. Àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, bí Old Oyo tó wà lẹ́bàá yín níbẹ̀ àti Kainji, ń gba ènìyàn lóòrèkóòrè. FRIN fúnra rẹ̀ náà ń gbà. Àwọn ẹgbẹ́ aládàáni wà, bí Nigerian Conservation Foundation tó ti wà láti 1980. Àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣe títì tàbí iléeṣẹ́ ń wá ẹni tó lè dárúkọ igi kó sì kà á. Àwọn mìíràn ń dá nọ́sìrì sílẹ̀, wọ́n ń ta ọmọ igi fún onílé àti àgbẹ̀, àwọn kan ń sin oyin mọ́ ọn. Èyí tí mo ti rí tó tètè ń mówó wọlé ni nọ́sìrì, tí ẹni náà bá ní omi àti sùúrù.

Kí n dá ìyá lóhùn. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ti àgọ̀. Ejò wà, bàtà róbà gígùn ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọ igbó, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ohun tó ń já mi láyà ju ejò lọ lásìkò yìí ni àwọn agbébọn tó ti sọ àwọn igbó kan di ibùba. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ pé igbó wo ni wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ta ló ń tẹ̀ lé wọn, ṣé wọ́n sì ń sùn níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Ní ti pé obìnrin ni, mo ti bá àwọn obìnrin wọ igbó tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò lè tẹ̀ lé wọn jáde níbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí èso, kòkòrò àti pákó ló sì wà lọ́wọ́ obìnrin.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe Sátidé. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́sìrì hàn yín. Tí ọmọ igi bá wà níbẹ̀ tí wọ́n bomi rin, tí akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, ọkàn yín lè balẹ̀. Tí ẹ bá bá igbó nínú nọ́sìrì, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá NBTE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ OND àti HND, fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà gan-an, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ lápapọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ igbó tí kò mọ ìyẹn mọ́.

Kí ọmọ náà tó wọlé, iṣẹ́ kan wà tó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kó mú ìwé kan, kó bá yín tàbí ọdẹ àgbà kan lọ sí oko, kó kọ orúkọ igi tí ẹ bá bá pàdé sílẹ̀ bí ará Ìṣẹ́yìn ṣe ń pè é: emi, igbá, ayín, apá, ìrá, àti gbogbo èyí tí ẹ bá mọ̀. Kó kọ bí èèpo rẹ̀ ṣe rí tí wọ́n bá fi àdá sá a, àwọ̀ omi tó ń jáde, òórùn rẹ̀, ohun tí ẹ ń fi í ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì á fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, yóò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tiyín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń mú wa wọ igbó kò mọ orúkọ kejì yẹn, tiyín ni wọ́n mọ̀, òun ni yóò sì fi máa bá wọn sọ̀rọ̀. Kó gbé ìwé náà dání lọ sí Jericho.